Òrùka Tó Há sí Òpélengé Lọ́wọ́

Láràárọ̀ tí Màdámù bá ti wọ ilé búrẹ́dì rẹ̀, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn kó tó wo ọwọ́ òsì Òpélengé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ sórí imú, á wo ìka yẹn bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, á wá mí kanlẹ̀. Á ní ó ṣì wà ńbẹ̀. Òpélengé á ní ó ṣì wà ńbẹ̀, mà. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Màdámù á kọjá sí ọ́fíìsì, Òpélengé á padà sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á máa ti búrẹ́dì bọ inú ọ̀rá, á máa lọ́ ẹnu ọ̀rá pọ̀, á máa fi okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Iṣẹ́ tó ti ṣe kúrò láti ìgbà tó jẹ́ pé iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń rán an.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a mọ́ ọpọ́n. Kò nílò àtiyíjú wò kó tó mọ̀ pé wọn ò ṣe é dáadáa. Ìyẹ̀fun tó bá ti gba pípò, bí wọ́n bá jù ú lélẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ló máa ń dún, ohùn tó kún. Èyí tí Bọ̀dá Ìrọ̀rùn ń jù lélẹ̀ ń dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bọ̀dá Ìrọ̀rùn ni Màdámù fi sípò rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé kò sí iṣẹ́ láyé tí kò lè wá àga fún.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ wá, kó lè yé yín.

Òpélengé kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Àgbà tó bí ìyá rẹ̀, tó sì tọ́ ọ dàgbà, ló ń fi kẹ́ ẹ, torí ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ọrùn dé kókósẹ̀. Bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ lè wá a tì. Ibi kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ti nípọn ni ìka ọwọ́. Àtikékeré ló ti ń po ìyẹ̀fun, oríkèé ìka rẹ̀ sì ti yọ kókó bí oríkèé ìka ọkùnrin tó ń la igi. Màdámù ní ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun o, ẹ̀rọ gìrìwò tó ń ké bí ọkọ̀ tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí àwọn èèyàn ń tò fún láàárọ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ pò ni, ọwọ́ náà sì ni ọwọ́ Òpélengé. Màdámù ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí òun bá ṣí ilé búrẹ́dì kejì, Òpélengé lòun máa fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọmọ náà ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí.

Ọkùnrin tó ra òrùka ń ta táyà ní oríta, Onítáyà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó to táyà tuntun dé òkè àjà, ó ń fi òróró nù wọ́n kí wọ́n lè máa dán. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ gidi ni: kì í mutí, ẹnu rẹ̀ dùn, bó bá sì rí Ìyá Àgbà lọ́nà, á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò kó tó kí i. Àléébù tó ní kò ju ẹyọ kan lọ. Kì í fẹ́ ṣe oore tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Bó bá fẹ́ fún alágbe ní nǹkan, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn.

Nígbà tó tó àkókò láti fi òrùka bá Òpélengé ṣe àdéhùn ìgbéyàwó, kò fẹ́ ra kékeré. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ń kó gbogbo nǹkan sínú gíláàsì, ó ra góòlù tó ní dáyámọ́ńdì lórí, owó rẹ̀ sì tó owó mọ́tò àlòkù. Ó fẹ́ kó bá a lójijì, nítorí náà kò wọn ìka rẹ̀. Òrùka bàbà kan wà tí ọ̀rẹ́ Òpélengé fún un, tó máa ń bọ́ sórí tábìlì nílé bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn ni Onítáyà yọ́ mú lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìka tí ọmọ náà ń wọ̀ ọ́ sí. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ ni, ọmọńdinrín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pé jọ sí pálọ̀ Ìyá Àgbà, tẹbí tọ̀rẹ́, Onítáyà kúnlẹ̀, ó mú òrùka jáde, fóònù gbogbo èèyàn sì gòkè láti ya fọ́tò. Òrùka náà rìn dáadáa títí ó fi dé oríkèé. Ibẹ̀ ló dúró sí. Onítáyà tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó tún tì í. Àwọn tó ń ya fọ́tò ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni àbúrò ìyá Onítáyà dìde, obìnrin kan tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Kékeré, tó sì jẹ́ pé òun ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn níbi gbogbo láti ìgbà tí ara ìyá Onítáyà ò ti le. Màmá Kékeré ní òrùka kì í ti ojú ọ̀pọ̀ èèyàn padà sínú àpò, ìtìjú ni. Ó ní kí wọ́n bu òróró wá láti ilé ìdáná. Ó fi òróró pa ìka Òpélengé, ó dì í mú bí ẹni fẹ́ fún aṣọ, ó lọ́ ọ, ó tì í, ó tún lọ́ ọ. Ó wọlé. Ilé pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Omi ń dà lójú Òpélengé, gbogbo wọn sì ní ẹkún ayọ̀ ni.

Nígbà yẹn, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òrùka ti ṣègbéyàwó tirẹ̀ ṣáájú. Òpélengé ní kí àwọn dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá òun fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe é bọ́. Onítáyà bi í pé kí ló fẹ́ bọ́ ọ ṣe, ṣé ó fẹ́ kọ òun ni. Ọ̀rọ̀ di àwàdà, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé búrẹ́dì ni kò mọ àwàdà. Òfin Màdámù ni pé ẹni tó bá wọ òrùka kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun. Ó ti wà lára ògiri láti ọjọ́ tó ti dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀. Nítorí pé ìgbéyàwó ń bọ̀, tó sì fẹ́ràn ọmọ náà, Màdámù ní kó máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí ọwọ́ òsì. Òpélengé ń wọ̀ ọ́, kò sì dùn mọ́ ọn, torí ọwọ́ kan ń gbọ́ ohun tí ìyẹ̀fun ń sọ, ọwọ́ kejì di adití. Dáyámọ́ńdì sì ní ẹnu. Ó ń gé rọ́bà jẹ díẹ̀díẹ̀, títí oníbàárà kan fi gbé búrẹ́dì tó ti bù sẹ́nu padà wá, tó fa rọ́bà bí èékánná jáde láàárín eyín rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó tò. Màdámù bẹ oníbàárà, ó fún un ní búrẹ́dì mìíràn, ó dúró títí ìlà fi tán, ó wá pe Òpélengé kúrò nídìí ọpọ́n. Kò bá a wí. Ó kàn ní kó lọ máa di búrẹ́dì títí tí ìka rẹ̀ á fi ṣófo.

Òpélengé gba ọ̀dọ̀ Onítáyà lọ pé kí àwọn gé òrùka yìí, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí òun lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó rò pé á káàánú òun. Inú ọkùnrin náà dùn ni. Ó ní ọ̀nà ti là, kó kúkú fi ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó ra irú òrùka yìí, kò yẹ kí ìyàwó rẹ̀ máa fi ìyẹ̀fun kun irun kiri. Òpélengé ní òun ò bá a sọ̀rọ̀ irun, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òun lòun ń sọ. Onítáyà ní òrùka tí wọ́n bá ti gé, àpá rẹ̀ kì í lọ, òun ò sì ra àlòkù. Ohùn wọn gòkè láàárín táyà. Níkẹyìn Onítáyà ní bí Òpélengé bá padà sí ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì, kó má wulẹ̀ pe òun mọ́.

Òpélengé padà síbẹ̀. Kò sì pè é. Onítáyà náà kò pè é.

Báyìí ni àdéhùn ìgbéyàwó náà ṣe tú ká, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó kọ ẹnì kejì. Ohun tó wá ń bí Òpélengé nínú jù nìyẹn, torí gbogbo àdúgbò ló di adájọ́. Àwọn kan ní bó bá jẹ́ ọkùnrin ló lọ, kí obìnrin di òrùka rẹ̀ mú, owó ìtanràn nìyẹn. Àwọn kan ní bó bá jẹ́ obìnrin ló lọ, kó bọ́ ọ, kó dá a padà. Onítáyà ní Òpélengé ló lọ, ilé búrẹ́dì ló lọ. Òpélengé ní ibi tóun ń lọ láti kékeré lòun lọ, ẹni tó ní kí wọ́n má pe òun mọ́ ló lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ti ibí, ó jọ òótọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ti ọ̀hún, ó jọ òótọ́. Kò sí ẹni tó bi í pé ṣé ó tilẹ̀ fẹ́ òrùka náà.

Kò pẹ́ tí Màmá Kékeré fi dé. Kò jókòó. Ó kí Ìyá Àgbà, ó ní àwọn ò wá jà, àwọn wá gba nǹkan àwọn ni, pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á ní àwọn á gbà á padà bí kò bá ti ní àpá. Òpélengé na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́."

Màmá Kékeré dì í mú, ó fà á títí ìka fi pọ́n, kò bọ́. Wọ́n gbé ọṣẹ wá. Wọ́n gbé omi tútù wá, òróró náà, òwú tí Ìyá Àgbà fi ń rán aṣọ. Wọ́n wé òwú mọ́ ìka láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń tú u láti ìdí, bí ẹnì kan ṣe sọ pé wọ́n ń ṣe é. Òwú já. Òrùka jókòó síbi tó wà, ó ń dán. Nígbà tó sú Màmá Kékeré, ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ìnuwọ́, ó wo Òpélengé láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ nǹkan á bọ́ ọ. O ò tíì fẹ́ bọ́ ọ ni."

Ìyá Àgbà ní, "Kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó gé ìka fún yín?"

Màmá Kékeré ní àwọn ò béèrè ìka, òrùka làwọn béèrè. Ó tún kìlọ̀ kó tó jáde pé òrùka ọmọ àwọn ni o, pé ẹni tó bá fi irin kàn án láìgbàṣẹ máa san odindi rẹ̀. Kó tó dé oríta, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé pé Òpélengé di òrùka olórùka mọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ tí kì í bínú wá di oníbìínú. Bó bá ń lọ lójú ọ̀nà, á ki ọwọ́ òsì bọ àpò. Bó bá kì í bọ àpò, wọ́n á ní ó ń fi í pamọ́. Bó bá yọ ọ́ síta, wọ́n á ní ó ń fi í ṣe fáàrí. Onígbàjámọ̀ kan tó ń gé irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì bi í lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí olówó, ẹ ò ní tà á ká jọ pín in?" Òpélengé ní kó wá bọ́ ọ, bó bá bọ́ ọ, kó máa mú un lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ ìka náà wò, ó ní kò wú, kò dúdú, ẹ̀jẹ̀ ń lọ déédéé, pé èyí tó bá fẹ́ pa èèyàn lára làwọn ń gé, kó lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù. Ó lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù, bàbá kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àyè tábìlì kan àti bẹ́ńṣì kan lọ. Bàbá náà gbé ìka sábẹ́ iná, ó yí i, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Ó ti mú ayùn kékeré rẹ̀ kó tó béèrè pé òrùka ta ni.

Òpélengé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dọ́gbọ́n, ní ti ọkùnrin kan ni, àwọn ti kọ ara àwọn.

Bàbá gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ohun tó kó òun sí wàhálà rí bí òrùka àwọn tó ń jà. Òun gé ti obìnrin kan rí, ọkọ rẹ̀ sì kó ọlọ́pàá wá bá òun. Láti ìgbà náà, bí ẹni méjì bá ń fa òrùka, òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí àwọn méjèèjì bá dúró níwájú òun, tí ẹni tó ni ín sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kóun gé e. Òpélengé bẹ̀ ẹ́. Bàbá tẹjú mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní kó mú olówó rẹ̀ wá.

Ló bá di ọ̀dọ̀ Onítáyà. Ó bá a tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó dúró títí ìyẹn fi lọ. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ òrùka, òun ò fẹ́ góòlù, òun ò fẹ́ dáyámọ́ńdì, kó kàn bá òun dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn kó sọ pé kí wọ́n gé e, kó máa mú un lọ.

Onítáyà fi aṣọ nu táyà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá gé e, ṣọ́ọ̀bù ò ní gbà á. Sinmi ọwọ́. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, oríkèé á rọ̀, òrùka á bọ́ fúnra rẹ̀. Kí ló le ńbẹ̀?"

Òpélengé wò ó. Ohun tí ọkùnrin náà ń jà fún kí wọ́n tó pínyà náà ló tún ń jà fún yìí. Ó ti kọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó wá ń fi òrùka pàṣẹ fún un. Òpélengé yí padà, ó jáde, ó ń rìn bí ẹni tí aṣọ ń fún lọ́rùn.

Ó dé ilé búrẹ́dì, Màdámù ń dúró dè é. Màdámù ní òun ti mú sùúrù tó. Ìlà àárọ̀ ti ń kúrú, àwọn èèyàn ti ń sọ pé búrẹ́dì ò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, Bọ̀dá Ìrọ̀rùn sì ti ń béèrè ìrọ̀rí sórí àga. Ẹnì kan wà tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn, tó mọ ìyẹ̀fun pò dáadáa. Bí ọ̀sẹ̀ tuntun bá wọlé tí òrùka ṣì wà lọ́wọ́ Òpélengé, ẹni yẹn lòun máa gbà, ìyẹn náà lòun sì máa fi ṣe ọ̀gá ibi tuntun tóun bá ṣí. Ó ní kó má bínú o, kì í ṣe pé òun kórìíra rẹ̀. Òpélengé ní òun mọ̀, mà. Inú ń bí i sí Màdámù náà, kò sì rí ohun tí Màdámù ṣe tó burú.

Nígbà tó délé, ó da gbogbo rẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń ronú. Ó ní kí àwọn ránṣẹ́ sí Màmá Kékeré pé alágbẹ̀dẹ góòlù mọ bí òrùka ṣe ń bọ́, kí tọmọ tìyá wá gba nǹkan wọn. Òpélengé ní irọ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà ní kì í ṣe irọ́, alágbẹ̀dẹ góòlù mọ bó ṣe ń bọ́. Pé pẹ̀lú ayùn ni, wọn ò bi òun.

Wọ́n wá. Ṣọ́ọ̀bù bàbá náà kún fọ́fọ́. Ìyá Àgbà àti Màmá Kékeré pín bẹ́ńṣì, wọn ò kan ara wọn. Onítáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ tó dára, torí ó mọ̀ pé àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á máa yọjú. Wọ́n sì ń yọjú lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n rí ayùn, Màmá Kékeré dìde dúró pé ohun tí wọ́n sọ fún àwọn kọ́ nìyí. Bàbá ní kò tíì sí ẹni tó gé nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ Òpélengé lé orí tábìlì, ó ní, "Òrùka yìí, ta ló ni ín?"

Onítáyà ní, "Èmi ni."

"Ṣé kí n gé e?"

"Rárá o. Ẹ má gé e."

Bàbá ní ó dáa, kó wá bọ́ nǹkan rẹ̀. Onítáyà sún mọ́ tábìlì, ó di ìka náà mú. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ó fà á díẹ̀, ó tún fà á, ó rí i pé àwọn èèyàn ń wò, ó fi í sílẹ̀. Ó ní bó bá sinmi iṣẹ́ díẹ̀, á bọ́.

Òpélengé ní, "Títí di ìgbà wo? Ìka mi wà nínú òrùka rẹ, mi ò lè ṣiṣẹ́. Ṣé ìwọ lo máa máa bọ́ mi ni?"

Màmá Kékeré ní kí ló kan àwọn pẹ̀lú jíjẹ mímu rẹ̀, ṣé kì í ṣe òun ló fẹ́ràn ìyẹ̀fun ju ọkọ lọ. Òpélengé ní ẹni tó ní kí wọ́n má pe òun mọ́ ló fi ọkọ sílẹ̀. Onítáyà ní ṣé ó pe òun ni. Ọ̀rọ̀ tún fẹ́ padà sí ojú kan náà tó ti ń yí po láti ìgbà yìí, bàbá sì na ọwọ́ pé òun kì í ṣe adájọ́, pé ẹni tó bá ń wá ẹni tó kọ ẹnì kejì, kó lọ síbòmíràn, òun ń wá ẹni tó ni òrùka.

Ìyá Àgbà dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn èèyàn dúró sí, ó wá kọjú sí Onítáyà. Ó ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè kan. Lọ́jọ́ tí o kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi, tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò, ṣé o fún un ni, àbí o yá a?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín síta. Onítáyà wẹ̀yìn, ó rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹ sì ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Kí ọkùnrin máa sọ níwájú oníṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà pé òun fi òrùka yá obìnrin, pé owó mọ́tò tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún, àyálò ni, kò lè ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ó ní, "Mo fún un ni. Èmi kì í yá èèyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni mo fún."

Màmá Kékeré gbá a lápá pé kó pa ẹnu dé. Ó ti pẹ́ jù. Bàbá yíjú sí Òpélengé. Ó bi òun náà pé ta ló ni ín.

Òpélengé mọ ohun tó wà níwájú òun. Bó bá ní ti Onítáyà ni, bó ṣe ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òrùka á wà níbẹ̀, ọpọ́n ìyẹ̀fun á sì lọ. Bó bá ní ti òun ni, ohun tí wọ́n ń fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án, tó ń fi gbogbo ẹnu sẹ́, òun náà ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ yìí, lójú gbogbo wọn, kò sì sí àlàyé tó máa lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Onítáyà bóyá á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Onítáyà ń wo dáyámọ́ńdì.

Ó ní, "Tèmi ni. Ẹ gé e."

Màmá Kékeré pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ gbọ́? Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o."

Ayùn bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ èèyàn léyín. Bàbá fi irin pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ òrùka kí ayùn má bàa kan ara, ó ń gé, ó ń kán omi sí i, nígbà tó já, ó fi ẹ̀mú kékeré fẹ̀ ẹ́ sí ìhà méjèèjì. Ìka Òpélengé jáde. Ibi tí òrùka wà ti tẹ̀ wọnú, ó funfun, ó rí bí ọrùn ọmọ tuntun. Ó ká ìka náà kò, ó tún nà án. Ara tù ú fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ó mú òrùka náà lórí tábìlì, ó nà án sí Onítáyà. Ó ní òun ti sọ fún un pé òun ò fẹ́ ẹ, kó gbà á.

Onítáyà wo òrùka tó yanu sílẹ̀. Ó ní, "Kí ni kí n fi èyí ṣe? Èyí kọ́ ni mo rà." Ó gba ẹnu ọ̀nà lọ, àwọn èèyàn sì là fún un kó kọjá. Òpélengé nà án sí Màmá Kékeré. Ìyẹn ní àwọn kì í gba nǹkan oníǹkan, ó ti sọ pé tòun ni, kó máa lò ó. Ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ jáde.

Òpélengé sanwó fún bàbá. Bàbá bi í bóyá kóun jó o pọ̀, kóun fẹ̀ ẹ́ kó lè wọ̀ ọ́. Ojú tó fi wò ó mú kí bàbá tètè máa palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n di òrùka sínú ègé aṣọ, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà, ó fi í sórí tábìlì, ó jáde. Kí alẹ́ tó lẹ́, wọ́n ti dá a padà. Wọ́n tún gbé e lọ. Wọ́n tún dá a padà. Ìgbà tó tún padà dé, ẹsẹ̀ ti ń dun Ìyá Àgbà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀kùn wọn. Ó ní kí àwọn tà á. Òpélengé ní bóun bá tà á, ẹjọ́ tuntun nìyẹn. Ó ní bóun bá tọ́jú rẹ̀ náà, ẹjọ́ nìyẹn. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo tóun fẹ́ lọ́wọ́ ayé ni pé kí ẹnì kan gba nǹkan yìí lọ́wọ́ òun. Ìyá Àgbà ní kó lọ sùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ tuntun, Màdámù wọlé, ó fa awò ojú wálẹ̀, ó wo ìka. Kò sọ pé ó kú oríire. Ó kàn fi ẹnu júwe yàrá ìpo-ìyẹ̀fun. Bọ̀dá Ìrọ̀rùn ti gbé àga rẹ̀ jáde kó tó débẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Òpélengé fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó da ìyẹ̀fun, ó da omi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ọwọ́ òsì sì tún gbọ́ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí sílẹ̀, ìlà àárọ̀ sì ti ń gùn. Ó ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé ẹni tó ń po búrẹ́dì nínú lọ́hùn-ún yẹn, òun ló gba òrùka ọmọ ọlọ́mọ, pé etí ara òun lòun fi gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, "Tèmi ni." Ẹnì kejì béèrè pé ṣé ó wá sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Obìnrin náà ní bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò tilẹ̀ tijú.

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀ tí Òpélengé lè mú. Ó gbé ìyẹ̀fun náà sókè, ó jù ú mọ́ ọpọ́n débi pé páànù tó wà lórí pẹpẹ mì. Ó gbé e, ó tún jù ú.

Màdámù yọjú láti ọ́fíìsì. Ó ní, "Òpélengé, búrẹ́dì ni o. Kì í ṣe èèyàn."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà," ó sì tún gbé e sókè.